Rọ́ọ̀gì Màmá Tíṣà

Ohun tí ọkùnrin yìí kọ sára mọ́tò rẹ̀ ni "Ikú Kòkòrò", ní lẹ́tà pupa gàdàgbà, ó sì ya aáyán kan tó dojú sókè sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, orúkọ mọ́tò di orúkọ rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò á ní, "Ikú, ẹ káàárọ̀," òun náà á sì dáhùn bí ẹni pé orúkọ gidi ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fín oògùn sílé onílé, kó lé aáyán àti ìdun jáde. Ó mọ iṣẹ́ náà dunjú, a ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ẹnu rẹ̀ ni kò ní ìjánu. Bó bá ti wọlé oníbàárà báyìí, á yínmú, á ní ẹlẹ́gbin ni kòkòrò máa ń bá gbé, á sì sọ ọ́ sókè débi pé ilé kejì á gbọ́. Èébú yìí wà nínú iṣẹ́ tó ń ṣe fún wọn, kò gba nǹkan kan lé e.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó jókòó sórí àga rẹ̀ ní pálọ̀, ó ń wọ bàtà, ni nǹkan bá bù ú jẹ lọ́rùn ẹsẹ̀. Kó tó họ ọ́ tán, òmíràn ti bù ú jẹ. Ó tẹjú mọ́lẹ̀, ó rí nǹkan dúdú bíńtín kan tó fò, tó sì pòórá. Ó mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe eégbọn ràbàtà tí ń lẹ̀ mọ́ ajá létí o. Èyí wẹ́wẹ́ tí ń fò ni, èyí tí èèyàn á rò pé òun ti tẹ̀ pa, tí á sì fò lọ níṣojú rẹ̀. Eégbọn, nílé Ikú Kòkòrò! Ara rẹ̀ bù máṣọ. Bí ẹnikẹ́ni ládùúgbò bá gbọ́ ọ pẹ́nrẹ́n, kó yáa kun mọ́tò náà lọ́dà tuntun, kó máa fi kó búrẹ́dì.

Ó pe ìyàwó rẹ̀ wọ yàrá, ó ní ajá ló kó o wálé, ajá sì gbọ́dọ̀ lọ. Onídìrí ni ìyàwó rẹ̀, yàrá iwájú ilé wọn ló ti ń dirun fún àwọn oníbàárà. Ológbò rẹ̀ ti pẹ́ nílé náà, ṣùgbọ́n ajá ò tíì lò ju ọ̀sẹ̀ méje lọ. Orúkọ ajá náà ni Dákẹ́. Ẹni tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni Màmá Tíṣà, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tó fi ogójì ọdún sọ ọ̀rọ̀ náà ní kíláàsì, tí kò sì rí ìdí tó fi yẹ kóun dẹ́kun.

Bí ajá ṣe dọ́dọ̀ wọn nìyí. Eégbọn bo ilé Màmá Tíṣà, màmá sì ránṣẹ́ pe Ikú, nítorí pé òun ló kọ́ ọ ní kíláàsì kẹrin. Ikú náà ò gbàgbé kíláàsì kẹrin. Ibẹ̀ ló ti kúnlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ìṣirò tó ṣì. Bó ṣe wọlé màmá lọ́jọ́ náà, inú rẹ̀ dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ó yínmú kọjá ti tẹ́lẹ̀. Ó ní ilé yìí dọ̀tí, mà, ó dọ̀tí gan-an ni. Ó pàṣẹ pé kí ajá kúrò nílé, kí rọ́ọ̀gì pupa tó wà ní pálọ̀ náà kúrò. Kò síbi tí wọ́n ti kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ni kí wọ́n wẹ ajá, kí wọ́n gbọn rọ́ọ̀gì, kí wọ́n fín in, kí wọ́n sá a, kí wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó tán. Ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ ọn láti rí bí màmá yẹn ṣe ń dáhùn pé, "Ó dáa, ọmọ mi." Ìyàwó rẹ̀ gbọ́, àánú ajá ṣe é, ó lọ mú un wálé. Ní ti rọ́ọ̀gì, Ikú fúnra rẹ̀ ló gbé e, ó ní òun ń lọ jù ú sí ààtàn.

Kò jù ú. Rọ́ọ̀gì gidi ni, ó nípọn, kò sì ṣá. Ó ká a sínú yàrá ẹrù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, lẹ́yìn náà ló tẹ́ ẹ sábẹ́ àga ara rẹ̀, ó sì sọ fún ìyàwó pé oníbàárà kan ló fi ta òun lọ́rẹ.

Ní ọjọ́ Ajé tí à ń wí yìí, ó ti bá ọdẹ tí ń ṣọ́ ibi tí wọ́n ti ń la pákó sọ̀rọ̀ kó tó di ọ̀sán. Ọdẹ náà ní òun á wá mú ajá lọ́jọ́ Sátidé. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ṣéènì ni ọdẹ yẹn fi ń so ajá, tọ̀sán tòru. Ìyàwó ní kó fún òun láyè títí di Sátidé náà. Bí eégbọn bá ṣì wà nílé lọ́jọ́ yẹn, òun ò ní jiyàn mọ́.

Ìyàwó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó fi ọṣẹ yí ọrùn Dákẹ́ po ná, kí eégbọn má baà sá lọ sórí, ó wá wẹ ìyókù ara. Ó mú kóòmù eléyín wẹ́wẹ́ tó fi ń wá iná lórí àwọn oníbàárà, ó fi ya ajá nírun, ó sì ń ri kóòmù bọ omi ọṣẹ. Lọ́jọ́ kìíní, eégbọn mọ́kànlá kú sómi. Lọ́jọ́ kẹta, kò sí ọ̀kankan. Ológbò ní tirẹ̀ gbà kí wọ́n ya òun, ṣùgbọ́n nígbà tó rí omi, ó gun orí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì wò wọ́n bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Dókítà ẹran tí ìyàwó lọ bi ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má sì fi oògùn ajá pa ológbò lára, torí ó lè pa á. Ìyàwó fi omi gbígbóná fọ gbogbo aṣọ ibùsùn. Ikú fín yàrá, ó fín ilé ìdáná, ó fín abẹ́ ibùsùn. Bó ṣe dé orí rọ́ọ̀gì, ó gbé ẹnu ẹ̀rọ kúrò, kí oògùn má baà ba àwọ̀ rẹ̀ jẹ́. Bó bá jẹ́ oníbàárà ló ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ó dájú pé á bú u títí yóò fi sunkún.

Ní ọjọ́ Ẹtì, obìnrin kan wá dirun, ó kọ́kọ́ dúró díẹ̀ ní pálọ̀. Wọn ò tíì dirun dé ìdajì nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ họ ẹsẹ̀. Ó dìde, ó ní òun rántí nǹkan kan nílé, ó sì gbé orí alábọ̀ lọ. Ìyàwó fi kóòmù sílẹ̀. Ó wọ yàrá, ó mú ìbọ̀sẹ̀ funfun gígùn tí Ikú fi ń ṣiṣẹ́. Bí Ikú ṣe máa ń wá eégbọn nílé onílé nìyẹn: á fa ìbọ̀sẹ̀ funfun dé orúnkún, á dúró níbì kọ̀ọ̀kan, á sì wo ohun tó bá fò mọ́ ọn. Ìyàwó wọ̀ ọ́. Ó dúró ní ilé ìdáná, níbi tí ajá ń sùn. Kò rí nǹkan kan. Ó dúró ní yàrá, ó rí ẹyọ kan. Ó wá bọ́ sórí rọ́ọ̀gì, ó ka oókan dé ọgọ́ta. Nígbà tó máa kà á tán, ìbọ̀sẹ̀ ti rí bí ẹni fọ́n ewé tíì sí i.

"Bàbá wa," ó ní, "ta ló fún yín ní rọ́ọ̀gì yìí?"

Ikú húkọ́. Ó ní oníbàárà ni. Ó tún húkọ́. Nígbà tó máa húkọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, gbogbo ọ̀rọ̀ ti jáde. Òun gan-an ló máa ń kọ́ àwọn èèyàn pé ẹyin eégbọn ń já sínú rọ́ọ̀gì, pé ọmọ inú rẹ̀ á ká ara rẹ̀ jọ síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ láìjẹ láìmu, títí ẹsẹ̀ èèyàn á fi tẹ ibẹ̀ tí á sì jí i. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ ló jí i. Ìyàwó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó, àfi bó ṣe rántí Màmá Tíṣà.

"Màmá yẹn ń sọ fún gbogbo èèyàn pé ẹ gba àwọn là," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ máa lọ sọ fún wọn."

Ikú ní ṣé wọn ò kúkú lè fi ajá ránṣẹ́ sí màmá ní jẹ́jẹ́, kí wọ́n ní ààyè ló há. Ìyàwó wò ó. Ó ní bó bá rán ajá lọ láìsọ òótọ́, òun náà á sọ fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan tó bá jókòó síwájú òun ibi tí eégbọn àdúgbò yìí ń gbé, orí méje sì ni òun ń dì lóòjọ́.

Wọ́n gbé rọ́ọ̀gì jáde lójú ẹsẹ̀, wọ́n fi igi lù ú, wọ́n fín in, wọ́n sì sá a sóòrùn. Àwọ̀ rẹ̀ ò bàjẹ́ rárá. Wọ́n ránṣẹ́ sí ọdẹ pé kó má wulẹ̀ wá. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, Ikú gbé rọ́ọ̀gì lé èjìká, ó fi okùn fa Dákẹ́, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ, torí ojú ń tì í láti gbé mọ́tò tó ní orúkọ lára.

Màmá Tíṣà wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ilẹ̀ fàráńdà. Òórùn ọṣẹ gba gbogbo ilé kan. Ọ̀dà ilẹ̀ náà ti bó láwọn ibì kan, sìmẹ́ǹtì ti ń yọjú. Ajá rí i, ó já okùn gbà, ó sì fò mọ́ ọn débi pé búrọ́ọ̀ṣì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mà," Ikú ní, "mo ṣì yín lọ́nà."

Ó sọ ọ́ tán, ti rọ́ọ̀gì, ti ìbọ̀sẹ̀, ti àga rẹ̀. Màmá gbọ́ ọ títí dé òpin, ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn ajá.

"Kò pọn dandan kí ajá mi lọ nígbà náà?"

"Kò pọn dandan, mà. Kẹ́ ẹ wẹ̀ ẹ́ ni."

"O sì mọ̀?"

Àkókò irọ́ gidi nìyí, irọ́ náà sì ti wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé e mì. "Mo mọ̀, mà," ó ní.

Màmá ò wo rọ́ọ̀gì. Ó wo ilẹ̀ tó ń fọ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni mo ń fọ ilẹ̀ yìí," ó ní, "látọjọ́ tí o ti ní mo dọ̀tí. Orúnkún mi ò gbà á mọ́. Mo ní bóyá ojú mi ni kò ríran dáadáa mọ́, bóyá ìdọ̀tí wà tí mi ò rí."

Ikú ò mọ ibi tó máa gbé ojú sí. "Ẹ ò dọ̀tí, mà," ó ní, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń gbàdúrà lọ. "Ẹ ò dọ̀tí rárá."

Màmá di òpó mú, ó dìde díẹ̀díẹ̀, ó gbọn omi ọṣẹ kúrò lọ́wọ́. Ó nawọ́ sí ìta gbangba, níbi tí àwọn ará ilé kejì ti ń sá aṣọ.

"Lọ́jọ́ tó o sọ tàkọ́kọ́, gbogbo wọn ló gbọ́," ó ní. "Bọ́ sọ́hùn-ún, kó o sọ èyí náà kí wọ́n gbọ́."

Ikú Kòkòrò bọ́ síta pẹ̀lú rọ́ọ̀gì lórí èjìká, ó sì la ẹnu.