Tanátaná Ẹ̀yìn Ilé Aránṣọ

Bàbá oníṣẹ́ iná tí wọ́n ń pè ní Wáyà wà lórí eékún láàárín koríko, ìdí lókè, orí nísàlẹ̀, ó ń ri gílóòbù kéékèèké mọ́lẹ̀ bí ẹni ń gbin àgbàdo. Ó ti ri mẹ́sàn-án. Ó ku ọ̀kan. Oòrùn ti wọ̀.

Ọdún mọ́kànlélógójì ló fi ṣe iṣẹ́ iná kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì fi iná purọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ aránṣọ, ló kó o sí wàhálà. Láti ìgbà tí ooru ti mú ni obìnrin náà ti ń pariwo pé tanátaná ti tán lẹ́yìn ilé òun. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ní irọ́ ni, ojú Màmá ló ń tán lọ. Ẹni tí kò rí iná tó ń fò, báwo ló ṣe máa rí ihò abẹ́rẹ́? Bí Màmá ò bá rí ẹyọ kan ní ìrọ̀lẹ́ yìí, òun á gbé ẹ̀rọ ìránṣọ lọ.

Wáyà fúnra rẹ̀ ò rí ọ̀kankan láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gba ẹ̀rí ọkùnrin tó ń wọ awò ojú wá awò ojú kiri? Ló bá kúkú gbin tirẹ̀.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ilé, lábẹ́ iná ńlá tí Wáyà fi sórí ògiri nítorí olè. Ó tẹ bọ́tìnnì inú àpò rẹ̀. Koríko tàn.

“Màmá, ẹ rí nǹkan?” ni ọmọ bi í.

Aránṣọ na ọrùn. “Mo rí mẹ́wàá.”

Ọkàn Wáyà balẹ̀.

“Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ń tàn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń kú lẹ́ẹ̀kan náà, bí ọmọ iléèwé lórí ìlà. Wáyà!”

“Ẹ̀gbọ́n mi.”

“Ta ló kọ́ tanátaná ní ìlà títò?”

“Bóyá wọ́n ti lajú.”

“Bàbá rẹ ló lajú.”

“Bàbá wa ni, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Wáyà pupa ara èyí tó wà lápá òsì yọ síta. Iṣẹ́ rẹ ti bà jẹ́.”

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Wáyà ò tó ìṣẹ́jú méjì.

Ọmọ mú tọ́ọ̀ṣì lọ wo koríko. Wáyà pupa náà ò gùn ju èékánná lọ. Ó padà wá.

“Bọ̀ọ̀dá Wáyà, ẹ ò tiẹ̀ tijú.”

“Mo tijú díẹ̀.”

“Màmá, ẹ máa rán aṣọ yín.”

Aránṣọ ò rẹ́rìn-ín. “Mo ti wí fún yín. Ojú mi ò tán. Àwọn ni wọ́n ń tán. Pa iná olè yẹn, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ò jẹ́ kí wọ́n jáde.”

“Láti ìgbà tí mo ti gbé e síbẹ̀, olè ò wá.”

“Kí ni wọ́n fẹ́ wá jí? Ìwọ? Pa á!”

Ó pa á, ó sì tẹ bọ́tìnnì pa àwọn gílóòbù rẹ̀. Ẹ̀fọn bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ. Ó pẹ́ díẹ̀, aránṣọ na ìka sí ìsàlẹ̀ ògiri kí àwọn méjì tó kù tó rí nǹkan kan. Ohun kan tàn níbẹ̀, ó kú, ó tún tàn nígbà tó wù ú.

Wọ́n jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú pátápátá. Ẹyọ kan yẹn ló kù.