Èje Lára Ilẹ̀kùn Káfíńtà

Ọkọ mi, káfíńtà, kì í ka ohunkóhun sí òótọ́ àfi tó bá fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́. Láti ọdún méjì tí wọ́n ti gé jẹjẹrẹ kúrò nínú ìfun rẹ̀, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, bóyá àrùn náà ti fẹ́ padà. Nọ́ńbà tí wọ́n bá fún un, èyí tí kò yẹ kó ju márùn-ún lọ, ara ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ló ń kọ ọ́ sí: ẹ̀ta, ẹ̀ta, ẹ̀ta.

Lọ́jọ́ Ajé kan, ó kọ èje.

Kí n tó ka ilẹ̀kùn tán, ó ti ń pín ogún. Ó gbé ìfági rẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kàn, fún àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. "Gbà. Mi ò ní lò ó mọ́." Àbúrò fọwọ́ méjèèjì gbà á. Èmi sọ tèmi: mo ní ta ní ń gbẹ́ pósí ara rẹ̀ nígbà tó ṣì ń jẹun àjẹyó? Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí débi pé bàtà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo wọ̀ tẹ̀ lé e lọ rí dókítà.

Dókítà, ọmọbìnrin tí kò ju àkọ́bí wa lọ, rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bàbá, ajá tó ń ṣọ́lé ni àyẹ̀wò yìí. Tó bá gbó, ó lè jẹ́ olè, ó lè jẹ́ àlejò. Ìgbà míì sì wà tí olè á wọlé tí ajá ò ní gbó. Ìdí nìyẹn tá a fi máa ya àwòrán inú yín. Àbí ẹ ń mu sìgá ni? Sìgá náà máa ń gbé nọ́ńbà yìí sókè."

"Sìgá kẹ̀? Láéláé!" Ojú mi ni ọkọ mi ń wò, kì í ṣe ojú dókítà.

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tá a ti fẹ́ra, n kò gbàdúrà rí kí ọkọ mi jẹ́ òpùrọ́, àfi ọjọ́ náà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ sọ fún mi pé ẹ ń mu ún."

Ó wolẹ̀. "Mẹ́fà lóòjọ́. Ẹ̀yìn àká pákó ni mo ti ń mu ún."

Inú mi dùn bíi kí n fò. Mo sì bú u títí a fi délé.

Àwòrán jáde, inú rẹ̀ mọ́, kò sí jẹjẹrẹ níbẹ̀. Ó pa sìgá tì, wọ́n tún yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà: ẹ̀ta. Dókítà ní ká má tìtorí ẹ̀ta sùn gbàgbé, kó máa wá bó ṣe yẹ.

Ó kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn, ó wá nawọ́ sí àbúrò rẹ̀. "Ìfági mi dà?"

"Ẹ̀gbọ́n, ta ní ń pín ogún tán tó tún ń padà wá gbà á?" Àbúrò fi ìfági pamọ́ sẹ́yìn. "Ẹ kọ́kọ́ mí sí mi ná."

Ọkọ mi yanu, ó mí hàà sí i lójú. Àbúrò gbóòórùn ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún gbóòórùn rẹ̀: kò sí òórùn sìgá. Ló bá gbé ìfági lé e lọ́wọ́, ó sì kọjú sí ògiri kí a má baà rí i pé ó ń sunkún.