Ẹ̀wù Onígbọ̀wọ́ Méjìlá

Ká ní ìmúra ló ń pa ẹja ni, Harlan Culpepper ì bá ti kó gbogbo ẹja báàsì inú adágún Guntersville tán. Ẹ wo ẹ̀wù tí ọmọkùnrin yìí wọ̀ wá síbi ìdíje ẹja pípa àwọn ọmọ iléèwé! Àmì ilé-iṣẹ́ méjìlá ló wà lára rẹ̀ níwá lẹ́yìn: ti ẹ́ńjìnnì, ti okùn ìwọ̀, ti awò dúdú. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ̀ ọ́n rí. Fúnra rẹ̀ ló sanwó tí wọ́n fi rán an.

"Harlan, ṣé èèyàn ni ẹ́ àbí pátákó ìpolówó?" Verlene, ìyá bàbá rẹ̀, ló ń bi í, bó ṣe ń wa ọkọ̀ kúrò ní èbúté. Àgbàlagbà ló gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀ fún ọmọ iléèwé nínú ìdíje, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọ̀pá ìwọ̀.

"Màmá, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Téèyàn bá ti jọ ẹni tó ní onígbọ̀wọ́ tó ń náwó fún un, onígbọ̀wọ́ á wá."

"Ẹn-ẹn. Jẹ́ kí n lọ wọ aṣọ ìyàwó, kí ọkọ náà wá bá mi."

Ọ̀gbẹ́ni Pruett, tó ń ṣe ekòló onírọ́bà tí wọ́n fi ń tan báàsì, ni Harlan ń dú. Ọmọ kan péré ló fẹ́ ṣe onígbọ̀wọ́ fún lọ́dún yìí, ọ̀sán ọjọ́ yẹn ló sì máa yàn án. Tí kò bá mú Harlan, ìdíje parí nìyẹn, torí agbára Màmá ò gbé epo ọkọ̀ mọ́.

Ẹja ò kúkú já a kulẹ̀. Márùn-ún tó jọjú ló kó dé, gbogbo wọn ń mí, bí òfin ìdíje ṣe wí. Bó ṣe tò síbi òṣùwọ̀n, Ọ̀gbẹ́ni Pruett yọ sí i, ó ń jẹ ẹ̀pà sísè, ó wo ẹ̀wù náà tòkè tilẹ̀.

"Èwo nínú àwọn wọ̀nyí ló ń ràn ẹ́ lọ́wọ́?"

"Kò tíì sí, sà."

"O wá ń polówó wọn lọ́fẹ̀ẹ́! Tèmi náà nìyí lábẹ́ apá. Ọmọ mi, kí ni kí n tún máa sanwó fún?" Ó bá tiẹ̀ lọ.

Ojú ti Harlan bíi kí ilẹ̀ lanu. Inú ọkọ̀ ló fẹ́ sá sí, àfi bí Màmá ṣe gbá apá rẹ̀ mú.

"Ṣé ẹ̀wù ló pa ẹja ọ̀hún ni? Gòkè jàre!"

Harlan bọ́ ẹ̀wù náà, ó yí inú rẹ̀ síta, ó tún un wọ̀. Lórí pèpéle tí wọ́n ti ń wọn ẹja, àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ti ka orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ń náwó fún wọn títí ó fi sú àwọn èèyàn. Ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Onígbọ̀wọ́ kan ṣoṣo ni mo ní, ìyá bàbá mi ni. Àwọn ló ń ra epo, àwọn ló ń wa ọkọ̀. Oòrùn ti ń pa wọ́n láti àárọ̀, wọn ò sì gbọdọ̀ ju ìwọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ bá mi kí wọn."

Ariwo sọ. Màmá ń nu ojú, ó sì ń bú u pé aláṣejù ni.

Bí Harlan ṣe sọ̀ kalẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Pruett ti ń dúró dè é. "Kí lo lè ṣe fún mi?"

"Gbogbo Sátidé ni mò ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìwọ̀ jíjù. Ohun tí mo bá fi kọ́ wọn làwọn òbí wọn ń rà. Mo lè fi ekòló yín kọ́ wọn."

"Ó dáa. Yí ẹ̀wù ẹ padà kí àmì mi lè hàn, ká ya fọ́tò."

"Rárá, sà." Harlan ò fọwọ́ kan ẹ̀wù náà. "Ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe fún mi ná."

Ọ̀gbẹ́ni Pruett bú sẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sí i. "Epo ọkọ̀ yín, títí o ó fi jáde iléèwé."

Ọwọ́ wọn ò tíì kúrò nínú ara wọn tí Màmá fi kígbe lẹ́yìn: "Ẹ fi ekòló kún un o! Báàsì ibí ń já a jẹ!"