Olódodo Ìkọ̀kọ̀ Inú Ìlú Pákó

Kí ló dé tí ayò tí òun fi ọwọ́ ara òun gbẹ́ kò fi dùn? Ohun tó ń jẹ Tírísà lọ́kàn nìyẹn, tí kò jẹ́ kí oúnjẹ lọ lọ́fun rẹ̀. Inú ìtàn bàbá rẹ̀, Sẹ́lígì, ló ti rí ayò náà. Láti kékeré ni bàbá yìí ti ń sọ fún un pé olódodo mẹ́rìndínlógójì ló ń gbé ayé ró ní ìkọ̀kọ̀: ẹnikẹ́ni ò mọ̀ wọ́n, àwọn gan-an ò sì mọ ara wọn. Tírísà bá gbẹ́ ìlú kékeré kan sórí pákó, ó gbé ọba àǹjọ̀nú tì í.

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ta á. Kálukú á kórè búrẹ́dì onígi, á wá ki ọwọ́ bọ àpò aṣọ kan. Bó bá wù ú, kó fi búrẹ́dì kan sílẹ̀ fún ìlú; bí kò bá wù ú, kó fa ọwọ́ yọ lófìfo. Bí àpò bá ṣófo, ọba àǹjọ̀nú á wó ilé kan, bí ilé bá sì tán, gbogbo wọn ló pàdánù. Bí ìlú bá dúró, ẹni tí búrẹ́dì rẹ̀ pọ̀ jù ló jẹ. Àfi ẹnì kan ṣoṣo tí káàdì tí wọ́n pín fún un ní ìbẹ̀rẹ̀ sọ di olódodo: iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ìlú má wó, kí wọ́n má sì dá òun mọ̀.

Ó dùn létí, àbí? Ẹ bá wọn ta á kí ẹ rí i. Lẹ́yìn ìkórè kọ̀ọ̀kan, wọn á kọ iye búrẹ́dì kálukú sí bébà, kó tó di ìkórè kẹta, wọ́n ti rí ẹni tí tirẹ̀ ń dín kù, wọ́n sì ti mú olódodo bí ẹni mú adìyẹ lọ́jà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ilé iṣẹ́ aláyò kan ní Haifa ti dá a padà. Wọ́n ní kó gbé e wá lọ́jọ́ Àìkú, pé àwọn ò tún ní wò ó mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Bàbá rẹ̀ ò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án rí. Olódodo wo, ni bàbá ń bi í, ló ń gba káàdì?

Ní ọ̀sán Sátidé tó ṣáájú, Ọjọ́ Ìsinmi àwọn Júù bíi tiwọn, wọ́n jẹ hamínì tán, ẹ̀wà àti ẹran tó ti wà lórí iná láti àná, ikùn kálukú wú. Gítẹ́lì, opó ilé kejì, ti wọlé bó ṣe máa ń ṣe. Ni Mánásè, ẹ̀gbọ́n Tírísà, bá ní kí wọ́n gbé ayò tó ń sọ àbúrò òun di egungun wá. Tírísà ṣí àpótí, pẹ́ńsù tí wọ́n fi ń kọ iye búrẹ́dì yí jáde sórí tábìlì. Gbogbo wọn fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ta ni yóò fọwọ́ kan pẹ́ńsù lọ́jọ́ tí wọn kì í kọ̀wé? Gítẹ́lì fa etí aṣọ tábìlì sókè títí pẹ́ńsù fi yí bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀.

"Báwo la ṣe máa mọ ẹni tó ń jẹ báyìí?" ni Mánásè wí.

"Ìwọ tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ abọ́ mẹ́ta," ni Gítẹ́lì dá a lóhùn, "kí lo tún fẹ́ jẹ?"

Sẹ́lígì rẹ́rìn-ín, ó sì fa àga sún mọ́ wọn. Ó ní kí oorun má baà gbé òun ni o.

Tírísà pín káàdì mẹ́rin láìṣí wọn wò. Ará ìlú lásán ni tirẹ̀, ó bá pinnu pé òun ò ní fi nǹkan kan sílẹ̀, òun á kàn máa ṣọ́ wọn. Àpò dé, búrẹ́dì kan wà níbẹ̀. Ó tún yí po, ọ̀kan tún wà. Ta ni? Bàbá ń họ irùngbọ̀n. Mánásè ti fi fìlà bo búrẹ́dì tirẹ̀. Gítẹ́lì ń pariwo pé ebi ń pa òun. Láìsí bébà, kò sẹ́ni tó rántí iye tí ẹnìkejì ní. Mánásè fẹ̀sùn kan Gítẹ́lì, Gítẹ́lì ní Sẹ́lígì ni, inú Tírísà sì ń dùn. Nígbà tí àpò dé ìgbẹ̀yìn, òun náà ju búrẹ́dì kan sí i, kò mọ ìdí. Mẹ́ta ni wọ́n bá nínú rẹ̀.

Ìràwọ̀ mẹ́ta ti yọ lójú fèrèsé, ìsinmi ti parí. Tírísà ní kí wọ́n ṣí káàdì wò, ṣùgbọ́n Sẹ́lígì ti gbá wọn jọ, ó ti dà wọ́n pọ̀. Ó ní olódodo tá a bá ti dá mọ̀, kì í ṣe olódodo ìkọ̀kọ̀ mọ́. Wọ́n gbàdúrà ìparí ìsinmi, wọ́n gbóòórùn èròjà olóòórùn dídùn, wọ́n ri iná àbẹ́là sínú wáìnì pa bí àṣà wọn.

Tírísà lọ mú mílíìkì. Lórí fìríjì ló ti rí káàdì kan tó tún kùn lọ́jọ́bọ̀, tó fi síbẹ̀ kí ọ̀dà rẹ̀ lè gbẹ, tó sì gbàgbé. Káàdì olódodo ni. Ó rọra pe bàbá rẹ̀.

"Bàbá, kò sí olódodo kankan nínú ayò yẹn. Ará ìlú ni gbogbo wa."

Sẹ́lígì wo káàdì, ó wo pálọ̀ níbi tí Mánásè àti Gítẹ́lì ti ń bá ara wọn jà lórí fìlà. "Ṣé wọ́n mọ̀?"

"Wọn ò mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n bi wọ́n, Bàbá. Mo fẹ́ mọ ẹni náà."

"Má bi wọ́n o, ọmọ mi. Bó o bá bi wọ́n, láti ọ̀la lọ, kó o lè rí wọn ni wọ́n á ṣe máa ṣe é."

Ó dùn ún, ó dùn ún gan-an, ṣùgbọ́n kò bi wọ́n.

Ní Haifa lọ́jọ́ Àìkú, kò gbé pẹ́ńsù dání. Ó ní olódodo lè wà láàárín wọn, ó sì pín káàdì. Àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́rin ta á títí tíì wọn fi tutù, ìlú ò wó. Ọ̀gá wọn ò ní sùúrù, ó ṣí gbogbo káàdì: ará ìlú, ará ìlú, ará ìlú, ará ìlú.

"Olódodo wá ńkọ́?"

"Ó wà nílé wa, lórí fìríjì."

Wọ́n wo ojú ara wọn. Ẹnì kan níbẹ̀ ló ti ń ju búrẹ́dì sápò látàárọ̀, kò sì sẹ́ni tó jẹ́wọ́. Ọ̀gá fa àpótí náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó ní eléyìí ò padà lọ síbì kankan mọ́.