Fíìmù Òṣùpá tí Bàbá Mi Ṣe

Jókòó tì mí, ìyàwó mi, kí n tó gbàgbé àlá tí mo lá. À ń wo fíìmù àtijọ́ tí Bàbá mi ṣe, ti àwọn tó rìnrìn àjò lọ sínú òṣùpá. Ọkùnrin kan ní kí n sọ ibi tó dára sí àti ibi tó kù sí. Mo ní ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n tánkì omi tí wọ́n kùn lọ́dà ni wọ́n pè ní ọkọ̀. Àfi bí mo ṣe bá ara mi nínú tánkì náà pẹ̀lú Bàbá tó ti kú. Omi ti mù wọ́n dé àyà. Wọ́n ní, “Ìwọ lo sọ pé kì í ṣe ọkọ̀.” Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ọkọ̀ ni.” Omi bo ẹnu wọn, wọ́n ṣì ń wò mí, ni mo bá jí.