Báàfù Tó Fẹ̀ Jù

"Ẹ dijú yín," ni Dókítà Olúrẹ̀mí Fàsásì wí. "Kí ẹnikẹ́ni má lajú o."

Kò tíì pa ẹnu dé tí ohùn kan fi bú jáde pé, "Ní orúkọ Jésù!" Igba akẹ́kọ̀ọ́ dáhùn pé, "Àmín!" Àwọn Mùsùlùmí àárín wọn ti tẹ́ àtẹ́lẹwọ́. Olúrẹ̀mí kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín ni tàbí kí òun sunkún. Ní yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè yìí, ta ló ń dijú láìgbàdúrà?

"Kì í ṣe àdúrà," ló wí. "Ọwọ́ lẹ máa nà. Mi ò fẹ́ kí ẹnì kan wo ọwọ́ ẹlòmíràn kó tó na tirẹ̀."

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláníyọnu, olórí ẹ̀ka físíìsì, jókòó sẹ́yìn pátápátá. Ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ Ajé kò lábùlà: "Dókítà, àwọn ọmọ ọdún kìn-ín-ní ń fìdí rẹmi jù. Màá wá wo ọ̀nà tuntun yín yìí. Tó bá jẹ́ eré ni mo bá, ẹlòmíràn ni màá gbé kọ́ọ̀sì yẹn fún." Ọdún mọ́kànlá ni Olúrẹ̀mí ti ń pe nóòtì fún wọn, tí wọ́n ń wí pé "Yẹs, mà," tí kò sì yé wọn. Síbẹ̀ ó fẹ́ràn kọ́ọ̀sì náà dé ọkàn.

Báàfù ńlá kan wà lórí tábìlì, omi wà nínú rẹ̀. Abọ́ oníke kan léfòó lórí omi náà bí ọkọ̀, ó ru òkúta. Olúrẹ̀mí ti fi máákà fa ìlà síbi tí omi dé.

"Tí mo bá mú òkúta yìí kúrò nínú ọkọ̀, tí mo jù ú sómi, ṣé omi á gòkè ni, ṣé á wálẹ̀, àbí ibi tó wà náà lá wà?"

Èyí tó pọ̀ jù nawọ́ pé á gòkè. Inú Olúrẹ̀mí dùn, torí ó mọ̀ pé á wálẹ̀ ni: nínú ọkọ̀, òkúta ń ti omi tó wúwo tó o sẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n tó bá rì, ìwọ̀nba omi àyè tó gbà nìkan ló ń tì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti dán an wò nílé nínú korobá ìwẹ̀ rẹ̀. Báàfù yìí, ọwọ́ alásè kan ló ti yá a, kí àwọn ará ẹ̀yìn lè ríran.

Ó ní kí wọ́n lajú, ó ju òkúta sómi. Gbogbo ọrùn nà. Omi mì, ó dákẹ́, ó sì wà lórí ìlà rẹ̀ bó ṣe wà.

Ó tún un ṣe. Kò gòkè, kò wálẹ̀. Àbí ojú ló ń tan òun nílé ni? Ẹ̀rín ti ń sọ níwájú, Ọ̀jọ̀gbọ́n sì ti fa bírò yọ. Omi tán lẹ́yìn ẹja.

"Mà, kí ni ká kọ?" ni ẹnì kan bèèrè. Wọ́n ti ṣí ìwé, wọ́n ń dúró kó pe ìdáhùn fún wọn. Ìyẹn ló rọrùn jù. Ọdún mọ́kànlá ni ẹnu rẹ̀ ti mọ ọ̀nà ibẹ̀.

"Ẹ má kọ nǹkan kan," ló wí, ojú sì tì í gidigidi. "Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo rí yìí kò yé mi."

Wọn kò gbọ́ irú rẹ̀ rí lẹ́nu olùkọ́. Ni ariwo bá sọ: òkúta ló kéré, rárá, ọkọ̀ ló fúyẹ́!

Ọmọbìnrin kan tó wé ìbòrí dìde. Abibat lorúkọ rẹ̀, kì í sábà sọ̀rọ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Mákùn-Omi ni mo ti wá, bàbá mi ń fi ọkọ̀ kó iyanrìn. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ wọn dojú dé, tí gbogbo iyanrìn lọ sísàlẹ̀ ọ̀sà, omi kò yí padà lójú wa rárá. Ọ̀sà ti tóbi jù. Mo rò pé báàfù yín ló fẹ̀ jù, mà. Ẹ jẹ́ ká lo ohun tó há."

Olúrẹ̀mí rántí korobá rẹ̀. Kí wọ́n lè ríran ló ṣe yá ohun tó fẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ ni kò sì jẹ́ kí wọ́n rí nǹkan kan.

Àwọn mẹ́ta sáré lọ gba korobá lọ́wọ́ agbálẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi dé, kò sẹ́ni tó jókòó mọ́. Wọ́n ti rọ̀gbà yí tábìlì ká. Olúrẹ̀mí bu omi sí i, ó gbé ọkọ̀ tòun ti òkúta lé e, ó tún ìlà fà.

"Ẹ dijú yín."

Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó ṣe àmín.

"Àwọn wo ló ní omi á gòkè?"

Ó gbójú sókè láti kà wọ́n. Àga Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláníyọnu ti ṣófo. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ dúró láàárín àwọn ọmọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Abibat, ó dijú pinpin, ó sì na ọwọ́ rẹ̀ sókè gan-an.

Olúrẹ̀mí ka ọwọ́ náà mọ́ tàwọn yòókù, ó sì mú òkúta.