Ife Tí Ìyá Mi Ń Fọ̀

"Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run."

Bẹ́ńṣì ẹ̀yìn ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi nígbà tí mo jókòó lé e. Ọ̀sán gangan ni, ọjọ́ Ìsinmi, ṣọ́ọ̀ṣì sì kún. Mo dá a lóhùn pé mo gbọ́. Orí bẹ́ńṣì yìí ni wọ́n fi ìyá mi sí fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, nítorí pé ìyàwó kejì ni bàbá mi fẹ́ ẹ ṣe. Òfin ìjọ ni: ìyàwó kejì kò gbọ́dọ̀ jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Ṣùgbọ́n òun náà ni wọ́n ní kó máa fọ ife rẹ̀ ní gbogbo Àbámẹ́ta. Ó fọ̀ ọ́ títí ó fi kú. Ẹ̀kán wáìnì kan ṣoṣo kò kan ahọ́n rẹ̀ rí.

Ìyá mi gba inú ògiri wọlé, nítorí wọn ò jẹ́ kí òkú rẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbé ife fàdákà náà dání, aṣọ ìnuǹkan wà léjìká rẹ̀.

"Fẹ̀hìntọlá, ṣé o ti jẹun?"

Mo ní mo ti jẹun.

"Ó dáa. Òní ni mo máa mu."

A jọ ń lọ síbi pẹpẹ. Bí a ṣe ń rìn ni ṣọ́ọ̀ṣì ń gùn sí i. A kọjá oko iṣu kan láàrin àwọn bẹ́ńṣì. Ìbínú mi ń rú jáde létí mi bí èéfín igi tútù, àwọn ará ìjọ sì ń fi ìwé orin fẹ́ ẹ kúrò lójú wọn.

Bàbá Fádáìró, olùṣọ́ òfin ìjọ, dúró níwájú pẹpẹ. Òun ló ní kí ìyá mi máa jókòó sẹ́yìn. Aṣọ funfun rẹ̀ mọ́ débi pé ó ń tàn sí wa lójú.

"Àwẹ̀ró, ta ló pè ọ́ síwájú?"

Ìyá mi kúnlẹ̀. "Mo wá mu ni, sà."

"Ife tí a ní kí o fọ̀! Ṣé alásè ló ni àsè ni?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ó nawọ́ sí wàláà òkúta méjì tí a kọ Òfin Mẹ́wàá sí lára ògiri, ó ní kí wọ́n dá ìyá mi lẹ́bi. Wàláà dá a lẹ́bi lóòótọ́.

Mo sọ fún wàláà pé, "Ó dáa. Ẹ ti rí ìdọ̀tí rẹ̀. Ẹ wẹ̀ ẹ́."

Wàláà ní, "Èmi? Dígí ni mí. Ìgbà wo ni dígí ti ń báni bọ́jú? Ohun tí yóò wẹ̀ ẹ́ wà nínú ife tó gbé dání." Ó wá yíjú sí Bàbá Fádáìró. "Ìwọ náà bọ́ síwájú mi. Ó pẹ́ tí o ti ń gbẹ̀yìn mi kọjá."

Ó bọ́ síwájú. Aṣọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú láti ìṣẹ́tí, díẹ̀díẹ̀, bí òwú àtùpà ṣe ń jó, títí ó fi dé ọrùn.

Mi ò káàánú rẹ̀. Mo ki oríkì ìyá mi lójú gbogbo wọn:

"Àwẹ̀ró, ọmọ a-fọ-ife-má-mu-níbẹ̀,
a-jókòó-sẹ́yìn-gbọ́-ìwàásù,
òkú tí ilẹ̀kùn kọ̀, tí ògiri gbà!"

Fèrèsé kan ń fọ́ fún ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni ò wò ó.

Ìyá mi gbé ife sẹ́nu. Ó mu ún bí ẹni tó ti oko dé. Ife ní, "Ọwọ́ yìí nìkan ni mo mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹnu rèé."

Pẹpẹ ò sí mọ́. Ó ku bẹ́ńṣì ẹ̀yìn nìkan, lórí koríko. Ìyá mi jókòó síbẹ̀, mo jókòó tì í, mo na ẹsẹ̀ mi dí gbogbo ibi tó kù. Bàbá Fádáìró wá, ó fi ọwọ́ méjèèjì káṣọ dúdú náà mọ́ra.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè."

Mo ní, "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, Bàbá. Ẹ dúró síbẹ̀ yẹn."

Ife ṣì kún. Ìyá mi nu etí ife náà bó ṣe máa ń nù ún lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Ó ní, "Fẹ̀hìntọlá, sún díẹ̀, kí Bàbá jókòó."